Láńtọ́ọ̀pù mi ò fẹ́ fi Wi-Fi òkè sílẹ̀ bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa Wi-Fi. Ẹ dákun, ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé alájà méjì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Access point (AP, ẹ̀rọ tó ń fọ́n Wi-Fi káàkiri) kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀. Orúkọ kan náà ni Wi-Fi àwọn méjèèjì ń jẹ́, password kan náà ló sì wà lórí wọn. Bí mo bá jókòó sójú kan, kò séwu. Ṣùgbọ́n tí mo bá wà lórí ìpè fídíò tí mo sì gbé láńtọ́ọ̀pù sọ̀kalẹ̀, ohùn á máa já, àwòrán á dì, tó bá sì yá, ìpè náà á já pátápátá. AP ìsàlẹ̀ ọ̀hún rèé níwájú mi, mò ń wo iná rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Tí mo bá pa Wi-Fi láńtọ́ọ̀pù, tí mo tún un tàn, gbogbo nǹkan á dá ṣáká. Fóònù mi kì í ṣe irú èyí. Mo ti tún Windows gbé sórí ẹ̀rọ náà látòkèdélẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, pàbó ló já sí. Ṣé káàdì Wi-Fi inú rẹ̀ ló ti bàjẹ́ ni, àbí AP ni kí n pààrọ̀?

Ìmọ́lẹ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó jọ pé sígínà AP ìsàlẹ̀ ni kò tó. Ẹ wọ inú settings àwọn AP méjèèjì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Transmit Power sí, ẹ gbé e sí High. Bí sígínà bá ti kún inú ilé, láńtọ́ọ̀pù á rí nǹkan dì mú níbi gbogbo.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé. Mo ti gbé méjèèjì sí High. Ó tún wá burú sí i ni o. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá wọ yàrá ẹ̀yìn nísàlẹ̀, ó máa ń pẹ́ ni, ṣùgbọ́n láńtọ́ọ̀pù á padà ṣí lọ sórí AP ìsàlẹ̀. Ní báyìí, kò tiẹ̀ ṣí mọ́ rárá.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì

Àbúrò, má pààrọ̀ ohunkóhun ná. Ohun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ yẹn gan-an ló fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn. O gbé agbára sígínà sókè, ìṣòro sì pọ̀ sí i. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ á kàn máa tẹ bọ́tìnnì kiri ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé AP ló ń fa láńtọ́ọ̀pù lé ara wọn lọ́wọ́. Irú ìyẹn wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ti ń darí ìpè láti orí òpó kan bọ́ sórí òmíràn. Ti Wi-Fi ò rí bẹ́ẹ̀. Lórí Wi-Fi, láńtọ́ọ̀pù ló ń pinnu ìgbà tó máa kúrò àti ibi tó máa lọ. AP lè gbà á nímọ̀ràn, ó tiẹ̀ lè lé e jáde, ṣùgbọ́n kò lè bá a yan ibi tó ń lọ.

Láńtọ́ọ̀pù kì í sì í déédéé wá AP mìíràn. Kó tó lè wo àyíká, ó ní láti fi ìkànnì (channel) tó wà sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kó lọ tẹ́tí sí àwọn ìkànnì yòókù, kó tún padà. Ìdíwọ́ nìyẹn jẹ́ fún iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́. Nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí AP tó dì mú bá ṣì ń dún ketekete létí rẹ̀, kò ní yíjú síbòmíràn. Ó dìgbà tí sígínà bá rẹlẹ̀ dé ìwọ̀n kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, nǹkan bí -70 sí -75 dBm (òṣùwọ̀n agbára sígínà) ni ìwọ̀n yẹn. Ẹ fi sọ́kàn pé bí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì ìyọkúrò bá ṣe ń tóbi tó ni sígínà ṣe ń rẹlẹ̀ tó: -40 dára púpọ̀, -67 ṣì tó fún ìpè, -80 ti ń kú lọ. Nígbà tó o wá gbé AP òkè sí High, sígínà rẹ̀ nísàlẹ̀ ò rẹlẹ̀ dé ìwọ̀n yẹn mọ́. Láńtọ́ọ̀pù ò rí ìdí tó fi máa kúrò.

O lè wá bi mí pé, bó bá ṣì ń gbọ́ AP òkè dáadáa, kí ló dé tí ìpè ń já? Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ lọ-bọ̀ ni Wi-Fi. Fojú inú wo ẹni tó dúró lókè pẹ̀lú gbohùngbohùn lẹ́nu. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń gbọ́ ọ yékéyéké. Ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni ẹni ìsàlẹ̀ fi ń dáhùn, ẹni òkè ò gbọ́ ọ, á ní kó tún un sọ, á tún ní kó tún un sọ. AP tó o gbé sí High ló ni gbohùngbohùn yẹn, láńtọ́ọ̀pù ló ń fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí àmì Wi-Fi lórí ojú ẹ̀rọ fi lè kún, tí ohùn rẹ á sì máa já létí àwọn tó ò ń bá sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kó o ṣe rèé. Ṣí Command Prompt, kó o kọ `ipconfig`, wo nọ́ńbà tó wà níwájú Default Gateway. Kọ `ping -t` àti nọ́ńbà yẹn, jẹ́ kó máa lọ: ṣe ló ń ránṣẹ́ léraléra, tó sì ń ka iye ms (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) tí ìdáhùn fi ń padà. Router inú ilé ni kó o máa ping, kì í ṣe ibi kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wàhálà ìta má bàa dà pọ̀ mọ́ ti inú ilé. Ṣí fèrèsé kejì, kó o kọ `netsh wlan show interfaces` síbẹ̀. Windows 11 tuntun lè ní kó o kọ́kọ́ fàyè gba Location kó tó fi èsì hàn ọ́. Ohun mẹ́ta ni kó o wò nínú èsì rẹ̀: BSSID, Channel àti Signal. BSSID yẹn ni àdírẹ́sì AP gan-an tó o wà lórí rẹ̀. Orúkọ Wi-Fi lè jẹ́ ọ̀kan náà jákèjádò ilé, BSSID ò lè jọra. Mú ìwé dání, bẹ̀rẹ̀ láti òkè, máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, dúró níbi bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà, kó o tún àṣẹ yẹn kọ níbi kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó o bá dé ìsàlẹ̀, kọ `netsh wlan show networks mode=bssid` kí á lè mọ gbogbo AP tí láńtọ́ọ̀pù ń gbọ́. Ìdá ọgọ́rùn-ún ni Windows fi ń ka sígínà. Pín in sí méjì, yọ 100 kúrò, ìwọ̀n dBm nìyẹn: 60% jẹ́ -70.

Linux-Nìkan

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Linux sí i, torí àwọn mìíràn á ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ọ̀la. `iw dev wlan0 link` ló máa sọ BSSID àti dBm fún yín, `iw event -t` á sì máa kọ gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣí láti orí AP kan sí òmíràn, pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Ẹ fi orúkọ káàdì tiyín rọ́pò wlan0.

Ohun tó jẹ mí níyà fún ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Nínú ojú ìwé tí a ti ń ṣètò Wi-Fi, àyè kan wà tí wọ́n kọ BSSID sí. Mo ti yan ọ̀kan síbẹ̀ nígbà kan, mo rò pé ohun tó yẹ kí n ṣe nìyẹn. Ẹ má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Bí BSSID bá ti wà níbẹ̀, AP kan ṣoṣo yẹn ni NetworkManager (ètò tó ń bójú tó Wi-Fi lórí Linux) máa bá lọ, kódà kó o jókòó lórí AP kejì. Ẹ fi `nmcli connection show` àti orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ wá ìlà 802-11-wireless.bssid. Àmì -- ló yẹ kó wà níwájú rẹ̀.

Àwọn tó ń lo iwd, ètò Wi-Fi mìíràn lórí Linux, lè ṣí main.conf, kí wọ́n yí RoamThreshold (ìwọ̀n sígínà tí ẹ̀rọ fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá AP mìíràn) padà. -70 ló máa ń wà níbẹ̀ fún 2.4 GHz (ọ̀kan nínú àwọn ọ̀wọ́ ìgbì tí Wi-Fi ń lò), RoamThreshold5G, ti 5 GHz, sì jẹ́ -76. Èmi gbé ti àkọ́kọ́ sí -66, láńtọ́ọ̀pù mi sì ń tètè ṣí báyìí.

Olùbéèrè

Ẹ̀gbọ́n Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ kú làálàá. Mo ti ṣe é. Ohun tí mo kọ sínú ìwé rèé, kò sí àbùmọ́ níbẹ̀.

Ìdí tábìlì mi lókè: BSSID tó parí sí 3c, ìkànnì 6, sígínà 94%, ping 3 ms.
Ẹnu àtẹ̀gùn lókè: 3c, 82%, ping 3 ms.
Àárín àtẹ̀gùn: 3c, 72%, ping 7 ms.
Orí àtẹ̀gùn tó gbẹ̀yìn: 3c, 66%, ping ń fò láti 20 dé 90.
Pálọ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí AP ìsàlẹ̀: 3c síbẹ̀, 62%. Ping 240, 610, "Request timed out", 180, "Request timed out".
Yàrá ẹ̀yìn: 3c síbẹ̀síbẹ̀, 60%.

Nígbà tí mo wá kọ àṣẹ kejì ní pálọ̀, mo rí BSSID mẹ́rin lábẹ́ orúkọ Wi-Fi wa. Ti òkè ni 3c lórí ìkànnì 6 àti 3d lórí ìkànnì 36. Ti ìsàlẹ̀ ni a8 lórí ìkànnì 6, 98%. Ìkẹrin, a9, ìkànnì 100, ìgbà kan ó wà níbẹ̀, ìgbà kan kò sí. Ó yà mí lẹ́nu gan-an. AP tó ń dún 98% létí rẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó di ti 62% mú.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì

O ṣeun àbúrò, iṣẹ́ gidi lo ṣe yìí. 62% jẹ́ -69, 60% jẹ́ -70, 98% jẹ́ -51. Sígínà òkè ò rẹlẹ̀ ju -70 lọ níbikíbi nísàlẹ̀, nítorí náà láńtọ́ọ̀pù ò wá AP mìíràn. Káàdì rẹ ò bàjẹ́.

Ohun mẹ́ta ni mo rí nínú ìwé rẹ, ó sì yẹ ká tún wọn ṣe ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó o sì rìn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó o bá yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, o ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Àkọ́kọ́, dín agbára AP kù. Gbé 2.4 GHz sí Low lórí àwọn méjèèjì, kó o gbé 5 GHz sí Medium. Sígínà 2.4 máa ń wọ ògiri lọ jìnnà ju ti 5 lọ. Bí àwọn méjèèjì bá wà ní agbára kan náà, 2.4 ló máa ń dún jù létí láńtọ́ọ̀pù. Ìdí nìyẹn tó o fi jókòó sí ìdí AP òkè tó o sì wà lórí ìkànnì 6 ti 2.4 GHz, nígbà tí 3d ti 5 GHz wà níbẹ̀ tó yára jù ú lọ.

Èkejì, AP méjèèjì wà lórí ìkànnì 6. Wọ́n ń dú àyè sọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lórí 2.4 GHz, ìkànnì 1, 6 àti 11 ni kì í gun ara wọn. Fi òkè sí 1, kó o fi ìsàlẹ̀ sí 11, kí Channel Width (bí ìkànnì ṣe fẹ̀ tó) sì jẹ́ 20 MHz.

Ẹ̀kẹta ni ìkànnì 100 tó o sọ pé ó ń fara hàn tó sì ń pòórá. Má fọwọ́ kàn án ná. A máa padà sórí rẹ̀.

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan tí àwọn èèyàn kì í béèrè. Ṣé access point gidi ni ti ìsàlẹ̀, àbí router mìíràn tí wọ́n so mọ́ ti àkọ́kọ́? Nínú ilé wa, ọmọ mi okùnrin ló gbé router kejì wá, ó fún un ní orúkọ àti password kan náà, inú gbogbo wa dùn. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá gbé láńtọ́ọ̀pù kọjá, ohun tí mò ń ṣe á já. BSSID ń yí padà kíá o, láńtọ́ọ̀pù ń ṣí dáadáa. Ìgbà tí mo wo ipconfig ni mo rí i pé àdírẹ́sì IP mi jẹ́ 192.168.1 lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́, ó sì di 192.168.0 lọ́dọ̀ èkejì. Router kejì ń pín àdírẹ́sì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìpè tó ti ń lọ lórí àdírẹ́sì àtijọ́ ò lè tẹ̀ lé mi lọ sórí tuntun, dandan ni kó já.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo wọ inú router kejì, mo gbé e sí Access Point Mode. Bí tiyín ò bá ní irú àyè yẹn, ẹ pa DHCP rẹ̀ (ohun tó ń pín àdírẹ́sì), ẹ fún un ní àdírẹ́sì tí kò ní forí gbárí pẹ̀lú ti router àkọ́kọ́, ẹ sì yọ wáyà kúrò ní ihò WAN (ti íntánẹ́ẹ̀tì), kẹ́ ẹ kì í bọ ọ̀kan nínú àwọn ihò LAN (ti inú ilé). Láti ọjọ́ yẹn, àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni mò ń gbé kiri ilé.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé mà. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, àdírẹ́sì mi ò yí padà lókè àti nísàlẹ̀, router kan ṣoṣo ló ń pín in. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ẹ kọ ọ́, torí ìbátan mi kan ní irú ìṣòro yìí, mo fura pé tiẹ̀ nìyẹn.

Akọ̀wé Orí Mac

Fún àwọn tó ń lo Mac: ẹ di kọ́kọ́rọ́ Option mú, kẹ́ ẹ tó tẹ àmì Wi-Fi lókè. BSSID, RSSI (agbára sígínà), Noise (ariwo tó ń dí i lọ́wọ́) àti Channel á jáde, ẹ ò nílò àṣẹ kankan. Apple ti kọ ìlànà wọn síta. Mac kì í bẹ̀rẹ̀ sí í wá AP mìíràn àyàfi tí sígínà bá rẹlẹ̀ kọjá -75 dBm, kò sì ní lọ sọ́dọ̀ òmíràn àyàfi tí ìyẹn bá fi 12 dB dára ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ibi tẹ́ ẹ ti lè yí èyí padà nínú settings. Nítorí náà lórí Mac, ọ̀dọ̀ AP nìkan ni àtúnṣe wà. Ohun tí Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ nípa dídín agbára kù yẹn ló tún tiwa ṣe.

Ìmọ́lẹ̀

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Olùbéèrè, mo ti rí ibi tí àmọ̀ràn mi ti ṣì í lọ́nà. Mo fẹ́ béèrè: àwọn AP kan ní ètò tí wọ́n ń pè ní Minimum RSSI, tó máa ń lé ẹ̀rọ tí sígínà rẹ̀ bá ti rẹlẹ̀ jù jáde. Ṣé ìyẹn ò ní yanjú rẹ̀ kíákíá?

Alákòóso Ọ́fíìsì

Ẹ má tọrọ àforíjì jàre, ọ̀pọ̀ wa ló ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ní ti Minimum RSSI, mo ti lò ó, mo sì ti yọ ọ́ kúrò. Ṣe ni AP máa já láńtọ́ọ̀pù sọnù, láńtọ́ọ̀pù á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí ìpè bá wà lórí rẹ̀, ìpè á mọ̀ ọ́n lára. Ibi tó wá burú sí ni igun tí AP kan ṣoṣo ti ń dé, tí sígínà rẹ̀ ò sì lágbára. Lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan wà ní yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. AP lé e jáde, láńtọ́ọ̀pù rẹ̀ wò yíká, kò rí òmíràn, ó padà sọ́dọ̀ AP yẹn náà, wọ́n tún lé e. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó rárá, ẹ kọ́kọ́ rìn yí gbogbo ilé ká pẹ̀lú ìwé bí Olùbéèrè ti ṣe, kẹ́ ẹ mọ̀ pé AP kejì dé gbogbo igun.

Ọ̀rọ̀ kejì tó yẹ ká yà sọ́tọ̀ ni ìgbà tí láńtọ́ọ̀pù bá ń ṣí ní àkókò tó yẹ, ṣùgbọ́n tí ṣíṣí yẹn fúnra rẹ̀ ń gba àkókò. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lo WPA2-Enterprise, tí oṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti password tirẹ̀, ni èyí ti wọ́pọ̀. Nígbàkígbà tí láńtọ́ọ̀pù bá dé orí AP tuntun, wọ́n á tún bi í ní gbogbo ìbéèrè látìbẹ̀rẹ̀, ìdáhùn á sì lọ bá server kan tó lè wà lọ́nà jíjìn kó tó padà. Ìpè lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí èyí ni wọ́n ṣe gbé ìlànà Wi-Fi tó ń jẹ́ 802.11r jáde lọ́dún 2008. Ó ń jẹ́ kí àwọn AP lo ìmọ̀ tí wọ́n ti ní nípa láńtọ́ọ̀pù náà, kí wọ́n má bàa tún gbogbo ìbéèrè bi í. 802.11k, tó jáde lọ́dún kan náà, ń sọ fún láńtọ́ọ̀pù pé àwọn AP tó wà nítòsí rèé, ìkànnì wọn sì rèé. 802.11v, ti ọdún 2011, ni AP fi ń gba láńtọ́ọ̀pù nímọ̀ràn pé ó máa dáa kó lọ sọ́dọ̀ lágbájá.

Ẹ tan k àti v láìfòyà. R ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Nígbà tí mo tan án fún gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n fi ń ka bákóòdù ò lè wọlé mọ́, iṣẹ́ dúró fún wákàtí kan. Orúkọ Wi-Fi ọ̀tọ̀ tí kò ní r ni mo padà dá sílẹ̀ fún wọn. Ìwé tí Microsoft kọ lórí Windows 10 sì sọ pé orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì oní-802.1X (irú WPA2-Enterprise yẹn) nìkan ni wọ́n ti ń lo r, kì í ṣe lórí èyí tó ní password kan fún gbogbo ilé. Ẹni tó bá tan r nílé rẹ̀ torí láńtọ́ọ̀pù Windows 10 lè má rí ìyàtọ̀ kankan.

Olùbéèrè

Ìròyìn rèé. Mo dín agbára kù, mo rìn. Mo yí ìkànnì padà, mo tún rìn. Lẹ́yìn àkọ́kọ́ yẹn nìkan, sígínà òkè di 44% ní pálọ̀, láńtọ́ọ̀pù sì ṣí lọ sórí a8 fúnra rẹ̀ nígbà tí mo dé àárín pálọ̀! Mo dúró mo ń wò ó. Ó ṣì ń pẹ́ díẹ̀ o. Mo máa ń rìn bí ìṣísẹ̀ márùn-ún kọjá ibi tó yẹ kó ti ṣí, ohùn sì máa ń já níbẹ̀. Ohun mìíràn ni pé orí 5 GHz, 3d, ni mo wà lókè báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá dé ìsàlẹ̀, a8 ti 2.4 ló ń mú. Kì í mú a9.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì

A ti ń sún mọ́ ọn. A9 lórí ìkànnì 100 ni ẹ̀kẹta tí mo ní kó o fi sílẹ̀. Ìkànnì 52 títí dé 144 wà lára àwọn tí Wi-Fi ń pín lò pẹ̀lú rédà. Lórí wọn, láńtọ́ọ̀pù kì í kọ́kọ́ pariwo pé "AP wo ló wà níbí?" Ó ní láti dákẹ́, kó máa retí kí AP fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. AP sì máa ń polongo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín 102.4 ms. Bí láńtọ́ọ̀pù bá ní ọ̀pọ̀ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ láti tẹ́tí sí, ó lè kọjá lórí 100 kó má gbọ́ nǹkan kan. Ìdí tó fi ń fara hàn tó ń pòórá nínú àbájáde rẹ nìyẹn. Gbé a9 sí ìkànnì 44, jẹ́ kí 3d wà lórí 36, kó o fi Channel Width 5 GHz sí 40 MHz lórí àwọn méjèèjì. Bó o bá fi sí 80, 36 àti 44 á gun ara wọn.

Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ láńtọ́ọ̀pù. Ṣí Device Manager, Network adapters, tẹ káàdì Wi-Fi lẹ́ẹ̀mejì, lọ sí Advanced. Bó bá jẹ́ káàdì Intel ni, o máa rí Roaming Aggressiveness (bí láńtọ́ọ̀pù ṣe ń tètè wá AP mìíràn tó) níbẹ̀, láti 1 dé 5. Orí 3 ló máa ń wà. Gbé e sí 4. Má fò lọ sí 5. Yan 5 GHz fún Preferred Band. Bó o bá ti wà níbẹ̀, wo Power Management, kó o mú àmì kúrò níwájú èyí tó ní kí kọ̀ǹpútà lè pa káàdì náà láti fi iná pamọ́, bó bá wà níbẹ̀.

Arìnkiri

Ẹ kú àárọ̀ o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí ọ̀rọ̀ yìí. Tèmi yàtọ̀ sí ti Olùbéèrè. Mo fi Roaming Aggressiveness sí 5 láti ọdún tó kọjá. Mi ò kì í rìn kiri rárá, ojú kan ni mò ń jókòó, láàárín AP méjì, àmọ́ ìpè mi ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan ní gbogbo ìgbà.

Linux-Nìkan

Ẹ kọ `netsh wlan show wlanreport` nínú Command Prompt tẹ́ ẹ ṣí gẹ́gẹ́ bí Administrator. Á kọ ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Wi-Fi yín fún ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, ẹ lè ṣí i nínú browser. Láti ibi tẹ́ ẹ jókòó sí, mo fura pé ẹ̀rọ yín ń fò lọ fò bọ̀ láàárín AP méjèèjì.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Orí 5, láńtọ́ọ̀pù kì í sinmi, bí ìyàtọ̀ díẹ̀ bá ti wà ó ti lọ. Ibi tí sígínà méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ló ti ń dààmú èèyàn jù. Ẹ dá a padà sí 3. Bí kò bá tíì dúró, ẹ sún AP kan díẹ̀, ó kéré tán kó fi nǹkan bí 10 dB ju ìkejì lọ níbi tábìlì yín.

Arìnkiri

Ìgbà mẹ́tàdínlógójì ló fò láàárín àná nìkan, mo kà á nínú ìròyìn yẹn. Mo ti dá a padà sí 3. Láti àárọ̀ di ìsinsìnyí, kò tíì fò lẹ́ẹ̀kan.

Olùbéèrè

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ṣe àwọn tó kù lánàá, mo sì tún un dán wò lẹ́ẹ̀mẹ́fà lónìí. Láàárín ìpè gidi ni mo ti dán ẹ̀ẹ̀mejì wò nínú wọn. Láti 3d lókè, BSSID ń yí sí a9 nígbà tí ẹsẹ̀ mi bá wà lórí àtẹ̀gùn kẹta láti ìsàlẹ̀. Ping kan ṣoṣo ló máa ń sọnù níbẹ̀, nígbà mìíràn kì í tiẹ̀ sí. Àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ò mọ̀ pé mo kúrò lórí ìjókòó.

Bí mo bá ń padà lọ sókè, orí ẹnu àtẹ̀gùn ló ti ń ṣí, ó pẹ́ díẹ̀ ju ti ìsọ̀kalẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohùn kì í já. Láńtọ́ọ̀pù kejì tó wà nílé, káàdì inú rẹ̀ ò ní Roaming Aggressiveness. Mi ò fọwọ́ kan ohunkóhun lórí rẹ̀, òun náà ti ń ṣí ní pálọ̀ láti ìgbà tí mo ti dín agbára AP kù.

Mo ti kọ BSSID mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìkànnì wọn sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn AP òkè.